Nígbà Tí Gáàsì Bá Kọ̀ Tí Kò Gba Iná

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ yẹ̀ wò lónìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ oríkì, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó. Ọ̀rọ̀ iná ìdáná ni. Àwọn kan lè máa bèèrè pé kí ni ó kan olùkọ́ èdè nínú ọ̀rọ̀ gáàsì. Ohun tí ó kàn án ni pé ẹ̀rọ tí a kò bá lè fi èdè ẹni ṣàlàyé bí ó ti ń ṣiṣẹ́, a kì í mọ ohun tí à bá sọ nígbà tí ó bá dẹnu kọlẹ̀. Ní ọdún 1970 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò ọlọ́dún mẹ́fà kan, nínú èyí tí wọ́n ti fi èdè Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì. Ètò náà fi hàn pé èdè yìí kò kéré sí iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí a fi í tú sítóòfù gáàsì palẹ̀.

Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí ni mo ní lọ́kàn bí mo ti ń sọ ọ̀rọ̀ yìí. Ìlú náà wà ní Òkè-Ògùn, ní Ìjọba Ìbílẹ̀ Ìlà-Oòrùn Ṣakí ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́. Kò jìnnà sí igbó tí ìjọba àpapọ̀ ń dáàbò bò, ìyẹn Old Oyo National Park, nínú èyí tí àwókù Ọ̀yọ́-Ilé wà. Ilẹ̀ ọ̀dàn ni gbogbo agbègbè yìí. Igi rẹ̀ kì í yára dàgbà, ṣùgbọ́n ó ń yára di èédú. Ẹni tí ó bá gba ọ̀nà Ìsẹ́yìn lọ sí Ṣakí yóò rí àpò èédú tí wọ́n tò sí ẹ̀bá títì, tí ó ń dúró de ọkọ̀ tí yóò kó o lọ sí ìlú ńlá. Igi òrí wà nínú ohun tí wọ́n ń sun, irúgbá náà wà níbẹ̀. Igi tí ìyá ìyá ẹni ti ń ṣà lábẹ́ rẹ̀ ni à ń gé fi se ìrẹsì ọjọ́ kan. Èyí ni ó mú kí ọ̀rọ̀ sítóòfù gáàsì ṣe pàtàkì ní irú ibẹ̀ ju bí a ti rò lọ. Nígbà tí obìnrin kan bá ra gáàsì, tí iná rẹ̀ ń kú, tí ó sì ń rò pé ẹ̀rọ náà ti bàjẹ́, yóò gbé e sí igun ilé, yóò sì padà sí ìdí èédú. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni kò sí ohun tí ó ṣe ẹ̀rọ náà rárá.

Kí ni ó wà nínú sílíńdà gan-an? Oríṣi afẹ́fẹ́ méjì ni, èyí tí wọ́n ń pè ní propane àti èyí tí wọ́n ń pè ní butane, nígbà mìíràn a máa jẹ́ ọ̀kan, nígbà mìíràn a máa jẹ́ àdàlú méjèèjì. Wọ́n ti fi agbára tẹ̀ wọ́n mọ́lẹ̀ títí wọ́n fi di olómi. Ìdí nìyí tí sílíńdà fi máa ń dún bí omi nínú agbè tí a bá mì í. Omi yìí ń hó fúnra rẹ̀ nínú sílíńdà láìsí iná lábẹ́ rẹ̀, oruku rẹ̀ kọ́ ni à ń sun o, ooru rẹ̀ ni. Propane ń hó ní −42 dígírì, butane sì ń hó ní −0.5. Ìyẹn ni pé bí butane bá wà ní ibi tí omi ti ń di yìnyín, kò ní hó mọ́, kò sì ní sí gáàsì tí yóò jáde. Ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí a óò padà bá a nígbà tí a bá dé orí ọ̀rọ̀ ọ̀yẹ́. Láti ọdún 2007 ni ilé-iṣẹ́ NLNG ti ń ta gáàsì ìdáná fún àwọn oníṣòwò inú Nàìjíríà, ó sì jẹ́ pé butane ni èyí tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀ fún ọdún púpọ̀.

Gáàsì yìí wúwo ju afẹ́fẹ́ tí à ń mí sínú lọ. Butane fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì rẹ̀. Bí ó bá jò, kì í fò lọ sókè bí èéfín, ilẹ̀ ni ó ń wọ́ lọ bí ejò. Kò ní òórùn kankan ní tirẹ̀. Àwọn tí ń pèsè rẹ̀ ni wọ́n fi ohun olóòórùn burúkú sí i kí imú wa lè máa ṣọ́ wa.

Ìlú Ṣakí kò jìnnà sí Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí, a sì mọ Ṣakí mọ iṣẹ́ àgbẹ̀dẹ. Ẹni tí ó bá ti jókòó ní àgbẹ̀dẹ rí yóò mọ iṣẹ́ ọmọ tí ń fin ẹwìrì. Bí ó bá fin ín jẹ́ẹ́jẹ́ jù, irin kò ní pọ́n. Bí ó bá fin ín kíkankíkan jù, yóò fọ́n èédú ká. Ọ̀gá rẹ̀ kò ní sọ fún un pé iná ti bàjẹ́ nígbà náà. Ọwọ́ ọmọ náà ni yóò wò. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ti gáàsì rí. Gáàsì àti afẹ́fẹ́ gbọ́dọ̀ dàpọ̀ ní ìwọ̀n. Bí gáàsì inú àdàlú náà kò bá tó bí 2 nínú 100, kò ní gba iná. Bí ó bá sì ju bí 10 nínú 100 lọ, kò ní gba iná bákan náà. Nítorí náà, ẹni tí ó ṣí gáàsì sílẹ̀ tí iná kò ràn, tí ó tún wá ń ṣí i sí i, ó lè jẹ́ pé ṣe ni ó ń sún iná náà síwájú, títí yóò fi gbà á lẹ́ẹ̀kan náà níbi tí kò retí.

Ìbéèrè kan ṣoṣo ni kí a kọ́kọ́ bi ara wa: ṣé iná ni kò sí ni, tàbí gáàsì ni kò dé? Ẹ pa bọ́tìnì tí ń ta iná tì, ẹ mú ìṣáná. Ẹ ṣá a, ẹ gbé e sún mọ́ orí iná, lẹ́yìn náà ni kí ẹ rọra yí gáàsì. Iná ìṣáná ni kí ó ṣáájú, kí gáàsì tẹ̀ lé e. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó máa ń ṣí gáàsì tán kí wọ́n tó máa wá ìṣáná káàkiri ilé ìdáná. Ibẹ̀ ni irun ìpéǹpéjú ń bá lọ. Bí iná bá ràn dáadáa pẹ̀lú ìṣáná, gáàsì kò ní ẹ̀bi, ohun tí ń ta iná ni ó ní àrùn. Bí kò bá ràn, tí a kò gbọ́ ìró gáàsì, tí a kò sì gbọ́ òórùn rẹ̀, gáàsì kò dé. Bí ó bá ràn, tí ó wá ń jó rìndìnrìndìn, ọ̀rọ̀ ipá gáàsì ni.

Ẹ jẹ́ kí a yára sọ ti ohun tí ń ta iná, nítorí kò le. Nínú bọ́tìnì tí à ń tẹ̀ tí ó ń dún "ká", òkúta kékeré kan ni ó wà níbẹ̀ tí òòlù kékeré ń gbá. Irú òkúta bẹ́ẹ̀ máa ń yọ mànàmáná nígbà tí a bá gbá a tàbí tí a bá tẹ̀ ẹ́. Jacques Curie àti àbúrò rẹ̀ Pierre ni wọ́n ṣàwárí èyí ní ilẹ̀ Faransé ní ọdún 1880. Mànàmáná náà yóò gba inú wáyà dé orí irin ṣóńṣó kan tí tánńganran funfun yí ká, yóò sì fò láti ibẹ̀ sí ara irin orí iná. Àyè tí ó ń fò kọjá kò ju mílímítà mẹ́ta tàbí mẹ́rin lọ. Bí ọmọ bá fọ sítóòfù tí omi kù sí ara tánńganran yẹn, mànàmáná yóò gba inú omi lọ, kò ní fò mọ́. Bí ọbẹ̀ bá dà lé e, bákan náà ni. Bí irin náà bá wọ́, tí ó jìnnà sí orí iná, yóò dún ṣùgbọ́n kò ní ta. Eku a sì máa jẹ wáyà rẹ̀. Ti àwọn tí ó ń lo bátìrì kò yàtọ̀, àfi pé bátìrì a máa kú, a sì máa dípẹtà lẹ́nu. Ẹ pa ẹnu sílíńdà dé pátápátá, ẹ dúró di alẹ́, ẹ pa iná yàrá, kí ẹ wá tẹ bọ́tìnì. Ojú yín ni yóò sọ ibi tí iná náà ń ta sí. Aṣọ gbígbẹ ni oògùn ìdajì rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ipá ni ó gba àròjinlẹ̀. Ní ọjà, "gáàsì yìí ò lágbára" ni a máa ń wí, ó sì dára bẹ́ẹ̀. Agbára méjì ni ó wà níbẹ̀ o. Agbára inú sílíńdà pọ̀, agbára tí sítóòfù ilé ń fẹ́ sì kéré púpọ̀. Rẹ́gúlétọ̀ ni ó wà láàárín wọn bí alárinà. Ara ọ̀pọ̀ sítóòfù ni wọ́n ti kọ ọ́ pé mílíbà 28 sí 30 ni ó ń fẹ́. Olùkọ́ lè sọ èyí fún ọmọ ilé-ìwé ní ọ̀nà tí yóò fi rí i: ipá mílíbà 30 ni ipá tí ó lè gbé omi ga tó ìwọ̀n sẹ̀ǹtímítà 30 nínú ọ̀pá gíláàsì. Rúlà ọmọ ilé-ìwé gan-an nìyẹn. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ní Amẹ́ríkà, níbi tí àwọn kan ti ń fi gáàsì mú omi adágún ìlúwẹ̀ẹ́ wọn gbóná, irú ọ̀pá olómi yìí tàbí ẹ̀rọ tí ó dípò rẹ̀ ni àwọn atúnṣe fi ń wá àrùn iná tí kò ràn. Íǹṣì 11 ni wọ́n sábà máa ń retí fún propane, èyí tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba pẹ̀lú tiwa. Ohun tí ń ṣe adágún olówó náà ni ó ń ṣe ìkòkò ìrẹsì.

Nígbà tí iná bá wá rẹ̀, ẹ má tíì fọwọ́ kan rẹ́gúlétọ̀. Ẹ gbé sílíńdà sórí òṣùwọ̀n. Ìwúwo rẹ̀ ní òfìfo wà ní títẹ̀ sí ara irin ọrùn rẹ̀. Ẹ yọ ọ́ kúrò, èyí tí ó kù ni gáàsì. Mímì kò tó. Ẹ wo ẹnu sílíńdà bóyá ó ṣí tán. Ẹ wo họ́ọ̀sì bóyá ó ká, tàbí bóyá ẹsẹ̀ tábìlì ni ó tẹ̀ ẹ́. Rẹ́gúlétọ̀ ní ihò kékeré kan ní ẹ̀gbẹ́ tí ó fi ń mí. Bí ẹrẹ̀ tàbí epo bá dí i, kò ní lè mọ ìwọ̀n mọ́. Ẹni tí ó bá sì fi rẹ́gúlétọ̀ bọ́nà ńlá sí sítóòfù ilé yóò rí i tí iná ń fò kúrò lórí irin bí ẹni pé ó fẹ́ sá lọ. Kì í ṣe ohun tí a lè fi ọwọ́ tún ṣe nílé nìyẹn. Rẹ́gúlétọ̀ tí ó bàjẹ́, pípààrọ̀ ni, a kì í tú u.

Ọ̀yẹ́ wá ńkọ́? Ìyá kan ń se ìrẹsì àti ẹ̀wà tà ní Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí. Ó ra bọ́nà ńlá onírin kan àti sílíńdà kékeré kan tí ó rọrùn láti gbé. Láti oṣù Ọ̀wàrà títí di Bélú, kò rí wàhálà. Nígbà tí ọ̀yẹ́ dé, iná rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ̀ ní òwúrọ̀, nígbà tí ó bá kan ìkòkò kejì. Atúnṣe wá ní ọ̀sán, ó pààrọ̀ rẹ́gúlétọ̀, iná jó geerege. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, iná tún rẹ̀.

"Màmá, ẹ má bínú, ó jọ pé rẹ́gúlétọ̀ yìí náà ti kú."

"Ọmọ mi, èkejì rèé nínú oṣù kan. Àbí rẹ́gúlétọ̀ ló ń pa ara wọn jẹ ni?"

"Ẹ jẹ́ n tún bá yín wá òmíràn, Màmá. Ayédèrú pọ̀ lọ́jà."

Ó ti ń wá ẹni tí yóò ra bọ́nà náà lọ́wọ́ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ sì ni ìdáhùn ti wà nínú ọ̀rọ̀ tí ìyá náà fi ẹnu ara rẹ̀ sọ: òwúrọ̀ ni ó ń ṣe é, ọ̀sán ni ó ń sàn. Àrùn tí oòrùn ń wò sàn, kì í ṣe àrùn rẹ́gúlétọ̀. Atúnṣe ń yẹ̀ ẹ́ wò ní àkókò tí kò sí àrùn níbẹ̀.

Ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ nìyí. Kí omi gáàsì tó lè hó, ó gbọ́dọ̀ rí ooru gbà, ara irin sílíńdà àti afẹ́fẹ́ àyíká ni ó sì ti ń gbà á. Bí bọ́nà bá tóbi, gáàsì yóò máa hó kíákíá, yóò máa fa ooru jáde nínú ara rẹ̀, yóò sì máa tutù sí i. Ẹ ti rí i rí tí ara sílíńdà ń làágùn, tí ó sì tutù bí omi àmù. Agbára butane nínú sílíńdà ní dígírì 15, kò tó ìdajì ohun tí ó jẹ́ ní dígírì 30. Bí òwúrọ̀ ọ̀yẹ́ bá ti bẹ̀rẹ̀ ní irú òtútù bẹ́ẹ̀, tí bọ́nà ńlá tún ń fa òtútù kún un, agbára náà yóò máa lọ sílẹ̀ títí kò fi ní tó bọ́nà lò mọ́. Ní sítóòfù ilé tí kò gba ju ìwọ̀n rúlà kan lọ, a lè má fura. Ní ìdí bọ́nà olóńjẹ, àfi kí a fura. Bí sílíńdà bá kéré, ara tí yóò fi gba ooru kéré. Bí gáàsì inú rẹ̀ bá ti ń tán, ó tún kéré sí i.

Ohun tí ó yẹ ni kí ó lo sílíńdà tí ó tóbi, ẹlẹ́ẹ̀kilógíráàmù 12.5 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tàbí kí ó ní méjì tí yóò máa pààrọ̀ kí ọ̀kan lè sinmi. Kí ó gbé e kúrò lórí ilẹ̀ tútù, kí afẹ́fẹ́ lè yí i ká. Ohun tí àwọn kan ń ṣe ní tiwọn ni pé wọ́n ń gbé sílíńdà sínú omi híhó, tàbí kí wọ́n fà á sún mọ́ àdògán. Àwọn mìíràn a máa dojú rẹ̀ dé kí "ìsàlẹ̀ rẹ̀" lè jáde. Ẹ̀yin ènìyàn wa, bí a bá dojú sílíńdà dé, gáàsì olómi gan-an ni yóò wọ họ́ọ̀sì, omi kan yóò sì di bí ìlọ́po 250 rẹ̀ nígbà tí ó bá di afẹ́fẹ́. Iná tí a ń retí ní ìwọ̀n ọwọ́ yóò wá ní ìwọ̀n ilé. Ní ti sílíńdà tí a yáná fún, omi inú rẹ̀ ń wú bí ó ti ń gbóná. Nítorí èyí ni kò fi yẹ kí wọ́n kún un dé ẹnu láéláé, ó yẹ kí àyè ṣẹ́ kù níbẹ̀. Ẹni tí ń bẹ olùtà pé kí ó fi ènì kún un, kò mọ ohun tí ó ń tọrọ.

Àwọ̀ iná náà ń sọ̀rọ̀. Iná gáàsì tí ara rẹ̀ dá máa ń rí bí aró, ó máa ń dúró ṣinṣin, kì í sì í ba ìdí ìkòkò jẹ́. Bí ó bá pọ́n rẹ́súrẹ́sú, tí ìdí ìkòkò sì ń dúdú, afẹ́fẹ́ ni kò tó nínú àdàlú rẹ̀. Ìrẹsì tí ó hó dànù ti dí àwọn ihò orí iná, tàbí kí aláǹtakùn ti ta òwú sínú ọ̀nà afẹ́fẹ́ lábẹ́, pàápàá nínú sítóòfù tí a ti pa tì fún ìgbà díẹ̀. Abẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ àti búrọ́ọ̀ṣì ni a fi ń tún ihò orí iná ṣe. Ihò kékeré tí gáàsì ń gbà jáde ní abẹ́ ńkọ́? Ẹ má fi abẹ́rẹ́ gún un, ẹ fẹ́ ẹ ni. Wọ́n lu ihò yẹn ní ìwọ̀n, bí ó bá fẹ̀ sí i, ó ti bàjẹ́. Iná pípọ́n tún ń pèsè afẹ́fẹ́ olóró tí kò ní àwọ̀ tí kò sì ní òórùn. Nígbà ọ̀yẹ́ tí a bá ti gbogbo fèrèsé pa nítorí òtútù, irú rẹ̀ lè pa ará ilé lójú oorun.

Àwọn sítóòfù kan tún wà tí iná wọn máa ń ràn, ṣùgbọ́n tí ó ń kú ní kété tí a bá jọ̀wọ́ bọ́tìnì. Irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí iná wọn, oríṣi irin méjì ni wọ́n jó pọ̀. Bí iná bá ń jó o, ó ń mú mànàmáná díẹ̀ wá, mànàmáná yìí ni ó sì ń di ilẹ̀kùn gáàsì mú ní ṣíṣí. Bí iná bá ṣèèṣì kú, irin náà tutù, ilẹ̀kùn sì tì. Nítorí náà, ẹ tẹ bọ́tìnì mọ́lẹ̀ fún bí ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́wàá kí irin náà lè gbóná. Bí iná bá ṣì ń kú, ẹ nu èéfín kúrò lára irin náà, kí ẹ sì wò ó bóyá ó wà nínú iná tàbí ó ti yà sẹ́gbẹ̀ẹ́. Àwọn kan a máa so bọ́tìnì náà mọ́lẹ̀ pẹ̀lú wáyà. Olùṣọ́ ni wọ́n so lọ́wọ́ mẹ́yìn yẹn.

Ó ku ti jíjò. Nígbàkígbà tí a bá pààrọ̀ sílíńdà, ẹ po ọṣẹ mọ́ omi kí ó hó, ẹ fi kan ẹnu sílíńdà, ìsopọ̀ rẹ́gúlétọ̀ àti gbogbo ara họ́ọ̀sì. Ibi tí ọṣẹ bá ti ń yọ bí ojú ẹja, ibẹ̀ ni ó ń jò. Rọ́bà kékeré inú ẹnu rẹ̀ ni ó sábà máa ń fà á, owó rẹ̀ kò sì tó nǹkan. A kì í fi ìṣáná wá ojú jíjò. Họ́ọ̀sì tí ó bá ti le, tí ó ń sán, tàbí tí eku ti fi eyín kan, a kì í fi téèpù wé e, a ń pààrọ̀ rẹ̀ ni. Bí a bá sì jí lóru tí òórùn gáàsì gba ilé, kí a má tan iná mànàmáná, kí a má sì pa èyí tí ó ti ń tàn, nítorí bọ́tìnì ara ògiri a máa ta iná nígbà méjèèjì. Kí a pa ẹnu sílíńdà dé bí ọwọ́ bá tó o, kí a ṣí ilẹ̀kùn tí ó kan ilẹ̀ ṣáájú fèrèsé, nítorí ilẹ̀ ni ohun tí à ń lé jáde wà, kí a sì kó àwọn ọmọ tí ó sùn sórí ẹní jáde kí a tó jí àwọn tí ó wà lórí bẹ́ẹ̀dì.